Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọ̀nà Lílé Ló Ń Ṣáájú Fínfín

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ló kún inú wọn: bí ọmọ ṣe ń ríbi kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ gíga, àti ohun tó ń bá a nígbà tó bá wọlé tán. A gé àwọn tó gùn kúrú, a ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. SS2 ni mo wà ní Ìkẹ́rẹ́. Graphics ni mo fẹ́ kà, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ Visual Art nílé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n sì ní kí n fi Government rọ́pò rẹ̀. Ṣé mo ṣì lè wọ pólì?

Ka Government bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má fi rọ́pò Art. Ohun tí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sábà máa ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Art wà nínú rẹ̀. Ti ìṣirò yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Má kàn sùn lé e lórí. Ní JAMB, iṣẹ́ mẹ́rin lo máa ṣe ní wákàtí méjì: ìbéèrè 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́ta tó kù. Fi Art sí i, kó o wá mú méjì tí ilé ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ ń gbà. Orí íkànnì JAMB ni kó o ti wo brochure fúnra rẹ. Má gba ti ẹnu ẹni tó ń bá ọ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní káfẹ́. Tirẹ̀ ni kó ṣáà fọwọ́ sí bọ́tìnì.

Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kò bá forúkọ rẹ sílẹ̀ fún Visual Art, ìdánwò WAEC ti àwọn tó ń ṣe é láti ìta wà. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ó ní apá tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ìwé kíkà nìkan kò lè gbà ọ́ níbẹ̀. Wá olùkọ́ kan tí yóò máa wo iṣẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. SS2 lo wà, àyè ṣì wà.

Ní ti ibi tó o lè lọ: YabaTech l'Ékòó, pólì Ìbàdàn àti ti Auchi ń kọ́ Art and Design. ND ọdún méjì, ọdún kan níbi iṣẹ́, HND ọdún méjì. Yunifásítì Ifẹ̀ ń fúnni ní dìgírì, FUTA ní Àkúrẹ́ sì ní Industrial Design, àmọ́ ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ìyẹn, ka ohun tí wọ́n ń béèrè dáadáa. Federal Polytechnic tó wà l'Ádó níbí ní ẹ̀ka gíláàsì àti amọ̀. Ẹ̀ka dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá graphics tó wọ ibẹ̀ torí pé ó súnmọ́ ilé, kẹ́mísírì ni yóò bá pàdé.

Wọ́n ní ká ya àwòrán níbi ìdánwò ìgbàwọlé lọ́dún tó kọjá, wọn ò mú mi. Bí mo bá ya ojú ènìyàn, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tí iwájú orí rẹ̀ gé kúrò. (Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Iwájú orí ò gé, ojú lo gbé gòkè jù. Gbé dígí. Fi pẹ́ńsù wọn àtàrí rẹ dé ẹyinjú, kó o wọn ẹyinjú dé àgbọ̀n: ọgbọọgba ni. Àárín gbùngbùn orí ni ojú wà. Ohun tó ń tan ọwọ́ jẹ ni pé ojú, imú àti ẹnu ló ń sọ̀rọ̀. Iwájú orí dákẹ́, ọwọ́ á wá fún un ní àyè díẹ̀. Wọn ìbú orí náà, yóò tó ojú márùn-ún, àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì á sì tó ojú kan. Etí bẹ̀rẹ̀ níbi irun òkè ojú, ó parí síbi ìsàlẹ̀ imú.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ère ilé wa bá ọ jiyàn. Ère Èkìtì tí orí rẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara kì í ṣe àṣìṣe, agbẹ́gilére mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ torí ipò tí orí wà lọ́kàn Yorùbá. Ènìyàn gidi tó dúró máa ń tó orí méje tàbí méje ààbọ̀, èyí tó wà níwájú rẹ ni olùdánwò sì fẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n a fura pé kì í ṣe ojú nìkan ló já ọ. Ó jọ pé ojú lo kọ́kọ́ ń yà. Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún ìpele mẹ́rin: ọ̀nà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Níbi ọ̀nà lílé, ìtì igi ni wọ́n ń bẹ́ sí odindi-odindi: orí nìyí, àyà nìyí, ẹsẹ̀ nìyí. Kò tíì sí ojú, kò tíì sí ìka. Alétúnlé á wá tú odindi wọ̀nyẹn sí kékeré, etí á yọ, imú á yọ. Dídán ni ọ̀bẹ fi ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni fínfín, ìyẹn ilà ojú, irun àti ìlẹ̀kẹ̀. Ta ni yóò máa fín irun sára ìtì tí kò tíì lórí?

Ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Bí wọ́n bá fún ọ ní wákàtí mẹ́ta, fi ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lé ọ̀nà: pẹ́ńsù HB, ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo nǹkan tí wọ́n kó sórí tábìlì fún yín láti yà, bí igbá àti ìgò, bí àpótí-àpótí, kí ìbú ìka méjì ṣẹ́ kù ní etí ìwé yíká. Tí igbá bá já kúrò lórí ìwé, ìgbà yìí ni kó o mọ̀. Kó o tó wọ̀n ọ́n, na apá tán pátápátá, di ojú kan, fi àtàǹpàkò sàmì sára pẹ́ńsù. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ká díẹ̀, ìwọ̀n á yí padà, ìgò tó ga ní ìlọ́po méjì igbá á sì di ọgba rẹ̀.

Wo ẹnu igbá náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ya ìkángun rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó bí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ṣóńṣó níbẹ̀, ó ń yípo ni. Wọ́n á tún fi ìlà gbọọrọ ya ìdí ìgò, torí wọ́n mọ̀ pé orí tábìlì tó tẹ́jú ló dúró lé. Àmọ́ ohun tí o mọ̀ kọ́ lò ń yà. Bí ojú rẹ bá ṣe ga ju nǹkan tó ni ìyípo rẹ̀ á ṣe ṣí tó. Ìdí ìgò jìnnà sí ojú rẹ ju ọrùn rẹ̀ lọ, nítorí náà ìdí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni òjìji: pẹ́ńsù 2B, 4B, kí 6B kẹ́yìn fún ibi tó dúdú jù. Má fi ìka ra á. Òróró ọwọ́ á gbá mọ́ ìwé, ibẹ̀ á di àbàwọ́n tí rọ́bà ò lè pa rẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn yinrin, ìwé funfun ni kó o fi sílẹ̀. Fi ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ṣe fínfín rẹ.

Ẹ ǹ lẹ́ o. Agbẹ́gilére ni bàbá tó bí bàbá mi ní Ìsẹ̀ níbí, kò mọ ìwé. Ọmọ-ọmọ mi ní òun ń lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ère ní yunifásítì. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí nílé?

Bàbá, ẹ kú àbójútó ilé. Ìsẹ̀ kọ́ la ó ti máa sọ ìtàn Olówè agbẹ́gilére. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí, Arinjalẹ̀, ọba yín, ló ṣiṣẹ́ fún, ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, dé ìpàtẹ Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, ó sì wà ní British Museum di òní. Ìwé ẹ̀rí kọ́ ló gbé e débẹ̀.

Ẹ tún wo Làmídì Fákẹ́yẹ. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí ní Ìlá, síbẹ̀ ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹògún tó jẹ́ agbẹ́gilére, ní ibi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó l'Ọ́yẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló gbà.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ní tí ilé kò ní ni símẹ́ńtì, faibagíláàsì, irin jíjó, bí egungun àti iṣan ara ṣe tò, àti ìwé tí ìjọba fi ń gbani síṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí kò ní ni àkókò. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi gbogbo ẹ̀ka hàn wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ère, àwòrán, amọ̀, aṣọ, kí kálukú tó mú tirẹ̀. Wákàtí tí yóò fi di irin mú kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìsinmi, kó jókòó ti agbẹ́gilére. Ẹ fi igi tútù hàn án: bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń gbẹ ṣáájú inú, tí ẹ̀yìn á fẹ́ sún kì, tí inú ò ní sún, tí ère á sì là láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti fi ọ̀dà tàbí ìda dí ìkángun ìtì, kó fi nylon wé e bó bá fẹ́ sùn, kó má gbé e sóòrùn. Àìmọ ẹ̀kọ́ yẹn ló ń fọ́ ère ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdánwò.

ND II ni mo wà. Ìkòkò mi mẹ́ta ló bú gbàmù nínú kílìnì, ààrò tí a fi ń sun ìkòkò. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló há sínú amọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ mo pò ó dáadáa. (Ọmọ Ìsàn-Èkìtì)

Omi ni. Afẹ́fẹ́ nìkan kì í fọ́ ìkòkò. Omi tó há sínú amọ̀ ló ń fọ́ ọ. Bí ooru bá kọjá 100°C, omi á di èéfín omi, èéfín náà á sì fẹ̀ ju omi lọ ní ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀jọ. Bí kò bá ríbi jáde, yóò la ògiri ìkòkò kọjá. Wo àfọ́kù rẹ: bó bá jẹ́ ìdí ìkòkò, níbi tó nípọn jù, ló tú káàkiri, ọ̀rọ̀ ti parí.

Gbé ìkòkò lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ìbáà funfun. Fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì gbẹ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, bo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú nylon, torí ẹnu á gbẹ kí ìdí tó gbẹ, yóò sì sán. Má jẹ́ kí ògiri nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bó bá pọn dandan kó nípọn, gbẹ́ inú rẹ̀. Lọ àpáàdì, jọ̀ ọ́, kó o fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá pò ó mọ́ amọ̀, kí èéfín omi lè ríbi gbà.

Nínú kílìnì, fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, kí ooru má tó 100°C fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Gbé dígí síbi ihò òkè: bó bá ń ṣú, omi ṣì ń jáde. Lẹ́yìn náà, máa fi bí 80°C kún un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kọjá 600°C. Má kánjú níbi 573°C, torí yanrìn inú amọ̀ máa ń wú lójijì níbẹ̀, ó sì máa ń sún kì níbẹ̀ kan náà nígbà tí ó bá ń tutù. Gbé e dé bí 950°C, kó o pa á, kó o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣíṣí kílìnì gbígbóná ń la ìkòkò tí iná kò rí fọ́.

Ṣé wà á bi wá pé báwo ni àwọn ìyá wa n'Ísàn ṣe ń sun tiwọn ní gbangba, láàárín wákàtí díẹ̀, tí kì í bú? Amọ̀ tiwọn kò kúnná, yanrìn wà nínú rẹ̀, ògiri ìkòkò wọn fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń yá a lóòrùn àti lẹ́bàá iná kí wọ́n tó kó igi lé e. Gbé amọ̀ rẹ lọ fún wọn fọwọ́ tẹ̀ wò nígbà ìsinmi.

Mò ń gba iṣẹ́ pósítà kéékèèké ní Ìjerò bí mo ṣe ń dúró de àdímíṣọ̀n. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, àmì abẹ́ ẹ àti ọ á ti pòórá, fọ́tò á sì ṣú bàìbàì.

Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà, tó o lò kò sí lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, tàbí kó má ní lẹ́tà Yorùbá rárá. Kó o tó yan fọ́ǹtì, tẹ ọ̀, ẹ́ àti ṣ sínú rẹ̀. Bí àmì bá fò kúrò lórí tàbí tó di àpótí, fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Bí o bá parí, nínú CorelDRAW, mú gbogbo ọ̀rọ̀, tẹ Ctrl+Q, kó di àwòrán. Tọ́jú ẹ̀dà kan tí o kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí, torí oníṣẹ́ á ní kó o tún orúkọ ìyá ìyàwó kọ.

Fọ́tò yẹn, orí WhatsApp ló gbà wá. WhatsApp sábà máa ń dín in kù sí bíi píksẹ́lì (ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 1600 ní ẹ̀gbẹ́ gígùn. Lórí ìwé A3, ìyẹn kò tó píksẹ́lì 100 fún íǹṣì kan, bẹ́ẹ̀ 300 ni ìwé títẹ̀ ń fẹ́, ìyẹn píksẹ́lì 3508 ní ìbú, 4961 ní gígùn. Ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document. Bánà ńlá tí wọ́n ń wò láti òdìkejì títì lè fara mọ́ 100. Fi mìlímítà mẹ́ta kún etí gbogbo kí ọ̀bẹ má baà gé orí ẹnikẹ́ni, kó o sì yí àwọ̀ sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, nítorí àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú fóònù kì í tàn bẹ́ẹ̀ lórí ìwé.