Ṣé kí á kó ilé tẹ̀lé akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Richmond, lẹ́bàá Houston, ni à ń gbé. Ìbejì ni àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún 15 ni wọ́n, kíláàsì 10 ni wọ́n sì wà. Táíwò ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ilé-ìwé. Kẹ́hìndé ló ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, defensive end ni wọ́n fi í sí, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú àwọn tó ń dènà. Ilé-ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkùnrin kan tó ti ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì mẹ́rin láàárín ọdún 21. Bàbá wọn ní kí á lọ gba ilé sí àdúgbò yẹn, kí ọmọ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ àwọn ará yunifásítì, bóyá yóò rí sikọ́láṣíìpù. Mo ní kí á kọ́kọ́ bi ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ṣé kí á kó? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ má kó. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì ní ìdí, mi ò sì fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé kankan.

Ohun tó lè pa ọmọ yín lára jù ni mo fẹ́ fi ṣíwájú. UIL ló ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn ilé-ìwé ìjọba ní Texas. Òfin wọn ni pé ọmọ tó bá torí eré ìdárayá kúrò ní ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn kò ní bá ikọ̀ àgbà, tí à ń pè ní varsity, gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan gbáko, ó kéré tán. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ilé-ìwé tí ọmọ ti kúrò máa kọ èsì sí. Wọ́n á bi wọ́n níbẹ̀ bóyá tìtorí eré ni ọmọ ṣe ń lọ. Ohun tí Bàbá Ìbejì fẹ́ torí rẹ̀ kó gan-an nìyẹn, mi ò sì ní gba òbí kankan níyànjú pé kó purọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ wá wo ọdún tí Kẹ́hìndé máa fi jókòó: kíláàsì 11 ni. Fídíò ọdún yẹn ni àwọn yunifásítì máa ń wò jù nígbà tí wọ́n bá ń yan ọmọ. Kóòṣì tó mọ gbogbo èèyàn ní Amẹ́ríkà kò lè fi fídíò tí ẹnikẹ́ni kò yà ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ bí ọkùnrin tí ẹ ń wò yẹn ṣe débẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé ẹni tó kúrò ní yunifásítì wá sí girama ti já wálẹ̀ ni, àwọn mìíràn a sì máa rò pé idán ló gbé bọ̀. Méjèèjì kọ́. Ìwé àdéhùn igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì kì í sábà ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Bí wọ́n bá lé ọ̀gá, àwọn igbákejì rẹ̀ a máa bá a lọ, kódà bí iṣẹ́ tiwọn dára. Yunifásítì mẹ́rin láàárín ọdún 21 túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó rẹ̀ ti wá iṣẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọdún 2018 tí transfer portal ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn máa ń forúkọ sí, àti 2021 tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti lè máa fi orúkọ wọn gba owó, igbákejì kì í wá ọmọ tuntun nìkan mọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa bẹ àwọn tó ti ní lọ́wọ́ pé kí wọ́n má lọ. Ìsinmi kò sí. Ní girama, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ìdíje, ó lè sùn nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ Texas sì ń dúró dè é. Mo ti bá irú wọn méjì ṣiṣẹ́ nínú ọdún 14 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. Ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá níbí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní yunifásítì, ọmọ bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń gbá ipò kan ṣoṣo ni igbákejì ń bójú tó, àwọn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣà jáde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, sì fún wọn ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje. Ní Texas níbí, ọmọ tó bá ń gbé àdúgbò ni ìwọ yóò kọ́. UIL kò gbà kí o lọ fa ọmọ ẹlòmíràn wá. Yàtọ̀ sí àkókò tó wà nínú ọjọ́ ilé-ìwé, wákàtí 8 péré ni o ní láàárín ọ̀sẹ̀. Òfin tó ti wà láti 1984 sọ pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 70 nínú iṣẹ́-ẹ̀kọ́ kan yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, jókòó. Yàtọ̀ síyẹn, bọ́ọ̀sì wà, aṣọ eré wà, ikọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì 9 wà, ẹ̀yin òbí náà wà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí mo bá ṣiṣẹ́ gbé ìwé ọgbọ́n eré tó nípọn bíi Bíbélì dé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin fi pé, ó ti ya èyí tó ju ìdajì lọ kúrò, nítorí àwọn ọmọ ọdún 16 ń dúró ronú nígbà tó yẹ kí wọ́n ti máa sáré. Ọdún kejì ni iṣẹ́ rẹ̀ tó jọ ara. Ọdún kejì yẹn ni Kẹ́hìndé ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí pápá, ẹ rí i?

Ó sì lè máà dúró di ọdún kejì. Chad Morris ti jẹ́ ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì SMU àti Arkansas kó tó wá sí girama Allen, lápá àríwá Dallas, ní 2021. Sáà kan ṣoṣo ló lò níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mi ò bá a wí. Ìwé ilé tí ẹ bá fọwọ́ sí ni kò ní bá kóòṣì lọ.

Kí wá ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní tí ẹlòmíràn kò ní? Ojú ni. Gbogbo ìgbà ìrúwé fún ọdún 21 ló fi ń rìn láti girama dé girama, tó ń wo bí ọmọ ṣe ń gbé ẹsẹ̀, tó ń wo èjìká bàbá àti gíga ìyá, tó ń bi olùkọ́ bí ọmọ náà ṣe ń hùwà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wò ni kò mú. Nítorí náà, ó lè wo ọmọ kan fún ogún ìṣẹ́jú kó sọ ibi tó bá a mu láìtan òbí rẹ̀ jẹ. Ìyẹn níye lórí gan-an. Nínú 100 ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní girama, bíi 7 ló ń gbá a dé yunifásítì, àwọn tó ń dé Division I, ìpele tó ga jù nínú ìdíje yunifásítì, kò sì ju bíi 3 lọ. Láti 2025, àwọn yunifásítì ńlá tó wọ inú àdéhùn tuntun tó jẹ́ kí wọ́n lè máa sanwó fún àwọn eléré wọn ti fi iye agbábọ́ọ̀lù sí 105, wọ́n sì fẹ́ràn láti fi àwọn ọkùnrin ọdún 21 tàbí 22 tó wá láti yunifásítì mìíràn dí àyè wọn. Àyè fún ọmọ girama ti fún.

Ẹ lè rí irú ojú bẹ́ẹ̀ láìkó ilé. Àwọn yunifásítì ń ṣe àgọ́ ìdánrawò lóṣù Kẹfà, àwọn kóòṣì wọn gan-an ló ń darí rẹ̀. Ẹ mú Kẹ́hìndé lọ sí méjì: ọ̀kan ní yunifásítì ńlá, ọ̀kan ní ti Division II (ìpele tó tẹ̀lé Division I) tàbí FCS (apá kejì nínú Division I) tó wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè pé kí ni òun kù sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ dẹ́rù bà yín. Olusegun Oluwatimi, ọmọ wa, bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Air Force, ó lọ sí Virginia, kó tó dé Michigan, níbi tó ti gba Outland Trophy àti Rimington Trophy, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn tó ń gbá ìlà iwájú, ní 2022. Ikọ̀ Seattle mú un sí NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ní 2023.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí pátápátá ni ìwé, òun ló sì ń dùn mí jù nídìí iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Division I lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, NCAA fẹ́ core course 16, ìyẹn àwọn iṣẹ́-ẹ̀kọ́ pàtàkì ní girama, pẹ̀lú GPA (ìpíndọ́gba máàkì) 2.3 nínú wọn. Mẹ́wàá nínú wọn gbọ́dọ̀ ti parí kí kíláàsì 12 tó bẹ̀rẹ̀, méje nínú mẹ́wàá yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Máàkì méje yẹn ti di títì pa nígbà náà: ọmọ kò lè tún iṣẹ́ yẹn ṣe láti gbé GPA rẹ̀ sókè. Mo kọ́ ọmọ kan tó ga, tó yára, tí yunifásítì mẹ́ta ń pè. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ilé-ìwé sì fi í sí kíláàsì orí kọ̀ǹpútà kó tètè kọjá. NCAA kò ka kíláàsì náà sí. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò béèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ ìwé àwọn ọmọ mi wò fúnra mi ní gbogbo oṣù Kìíní.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá counselor Kẹ́hìndé, olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ gba ìwé èsì rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì NCAA ni àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kà sí ní ilé-ìwé yín wà. Ẹ fi wéra pẹ̀lú ohun tó ń ṣe. Kí ẹ tó kúrò nílé-ìwé, ẹ yà sọ́dọ̀ kóòṣì tó ní báyìí. Ẹ bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń fi ara kọlu ara lọ́sẹ̀ (90 ni UIL gbà nígbà ìdíje), àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá fi orí gbá nǹkan tí ọpọlọ rẹ̀ sì mì. Òfin Texas láti 2011 sọ pé kò gbọ́dọ̀ padà sí pápá láìsí ìwé dókítà àti ìbuwọ́lù òbí. Bí kóòṣì yín bá dáhùn wọ̀nyí láìkọsẹ̀, ọwọ́ rere ni ọmọ wà.

Ẹ bá mi kí Táíwò náà. Àwọn yunifásítì ń fún àwọn afunfèrè ní sikọ́láṣíìpù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ olórin kọ́ ni yóò fi ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ bi olùkọ́ orin rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti wà níbẹ̀.