Ṣé dandan ni kí ọmọ wo olùtọ́jú rẹ̀ lójú?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 7 ni ọmọkùnrin mi, dókítà sì ti sọ pé ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ ní ti ìbánisọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń mọ nǹkan lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Ó máa ń ju ọwọ́ ṣáá, bí wọ́n bá sì tan ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò, á dí etí, á bú sẹ́kún. Olùtọ́jú rẹ̀ máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, kì í sì í fún un ní bisikíìtì àfi tó bá wo òun lójú. Ìyá ọkọ mi ní kò lẹ́kọ̀ọ́, torí kì í kí èèyàn. Mo gbọ́ pé ìtọ́jú mìíràn wà tí kì í fipá yí ọmọ padà. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Ìyá Àlíyù, Táńkẹ̀, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àlíyù. Ẹ jẹ́ kó máa ju ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ lára ni. Bí wọ́n bá dì í mú, ìnira yẹn lè gba ibòmíràn jáde, kó máa bu ara rẹ̀ jẹ tàbí kó máa forí gbá ògiri. Bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ìgbà yẹn lẹ máa dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ etí, eyín àti inú rẹ̀ wò: ọmọ tí kò lè sọ pé etí ń dun òun lè máa forí gbá nǹkan. Bí wọn ò bá tíì fi ẹ̀rọ yẹ bó ṣe ń gbọ́ràn wò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà etí ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyì.

Ti ojú wíwò, ṣé owó la wá ń san báyìí kí ọmọ lè tẹjú mọ́ àgbà? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yé bí wọ́n bá gbójú kúrò. Ní 1987, Ivar Lovaas, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí irú ìtọ́jú báyìí, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tí ète rẹ̀ jẹ́ kí ọmọ dà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjágbe àti ìgbálábàrá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ti pa ìyà tì lónìí, àmọ́ ète yẹn ò tíì tán nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi olùtọ́jú léèrè: “Kí ni èyí máa ṣe fún Àlíyù fúnra rẹ̀?” Títọrọ omi, sísọ pé “ó tó”, wíwọ bàtà: ìwọ̀nyẹn dára. “Kó lè jókòó jẹ́ẹ́” ò tó. Ẹ ní ẹ fẹ́ jókòó wò ó. Bó bá kọ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń dúró bí ọmọ bá yíjú sẹ́yìn tàbí tó ti ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Nílé, ẹ fi fóònù ya ife omi rẹ̀, ibùsùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí ẹ tẹ̀ wọ́n sórí páálí. Ẹ fi méjì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń sọ “omi”, ẹ nàka sí àwòrán rẹ̀, ẹ má sì fipá mú un kó tún un pè. Kò ní dí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí wọ́n gba àwòrán lọ́wọ́ ọmọ láti fi jẹ ẹ́ níyà, tàbí kí wọ́n fi oúnjẹ dù ú títí yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ ra ìbotí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń lò, kó máa lò ó bí ariwo bá pọ̀, kì í ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ sọ fún ìyá ọkọ yín pé Àlíyù lè juwọ́ kí wọn, tàbí kó na àwòrán ìkíni sí wọn. Ìkíni náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi, ọdún 19, ní ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè pọkàn pọ̀ tàbí jókòó pẹ́. Ó ń gbàgbé ọjọ́ tó yẹ kó rí olùdámọ̀ràn rẹ̀, ẹni yẹn sì ní kò fọwọ́ gidi mú nǹkan. Bàbá Kẹ́hìndé, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin bàbá wa, ìgbàgbé wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Kí olùdámọ̀ràn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti bó bá ku wákàtí kan. Kí wọ́n gé ìjókòó kúrú, tàbí kí wọ́n máa rìn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Kó tó kúrò níbẹ̀, kó fi ohùn ara rẹ̀ gba ohun kan ṣoṣo tó máa ṣe sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ti ẹ̀yin náà: ó ti kúrò lọ́mọdé. Ẹ má pe olùdámọ̀ràn láti wádìí ohun tí wọ́n sọ. Òun ni kí ẹ bi bóyá ó fẹ́ sọ fún yín.