Ibà tí kò lọ àti ìka tí kì í ká láàárọ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí ní Ìgbọ̀nà, Òṣogbo, ọmọ ọdún 31. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ibà ti ń ṣe mí tí kò lọ bọ̀rọ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka ọwọ́ mi kì í ká, n kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ títí di aago mẹ́wàá. Irun mi ń re, egbò sì máa ń yọ sí mi lẹ́nu. Wọ́n ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù fún mi títí ó fi sú mi. Genotype mi, AA ni. Láìpẹ́ yìí ni dókítà kan dárúkọ lupus. Àyẹ̀wò wo ni kí n ṣe kí ó lè hàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin mi. Kí n má tàn yín: kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe lónìí tí èsì rẹ̀ máa sọ lọ́la pé lupus ni tàbí pé kì í ṣe òun. Nínú lupus, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà ló dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀, bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó yìnbọn lu onílé. Lónìí oríkèé ni, lóṣù tó ń bọ̀ awọ ara, nígbà mìíràn kíndìnrín. Aláìsàn á gbé egbò ẹnu lọ bá dókítà eyín, á fi irun tó ń re han onídìrí, á ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, kò sì ní sí ẹnì kan tó rí gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Genotype AA yín ti mú ọ̀rọ̀ arunmọléegun (sickle cell) kúrò. Táífọ́ọ̀dù ni kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló ń jẹ ọdún mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò táífọ́ọ̀dù jà ni àyẹ̀wò Widal ń wá, ohun náà sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ. Ibà tí ẹ bá tọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta tó ṣì ń padà wá, ó yẹ kí a wá orúkọ mìíràn fún un.

Ojú náà ń tan àwa dókítà jẹ. Nínú ìwé, pupa ni wọ́n ní ohun tó ń yọ bí ìyẹ́ labalábá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú. Lára àwa adúláwọ̀, ó lè ṣú, ará ilé á sì ní krímù ló jó o. Ẹ wo ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu: lupus sábà máa ń fo ibẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọ gan-an ni kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, nítorí kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ó lè ti lọ.

Ní ti àyẹ̀wò, ANA ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ohun tí ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Bí èsì bá ní kò sí, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ lupus. Bí ó bá ní ó wà, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, nítorí ó ń wà lára ẹlòmíràn tí nǹkan kan kò ṣe. Anti-dsDNA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn irú rẹ̀, tọ́ka sí lupus jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó, ẹ má fo àyẹ̀wò ìtọ̀: kò wọ́n, ó sì lè fi hàn pé kíndìnrín ti ń jò kí ẹsẹ̀ tó wú rárá. PCV, àyẹ̀wò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, nìkan kò tó. Kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ funfun àti platelet, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, pẹ̀lú.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò, títí kan èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì fún làkúrègbé. Àwọn kan ń po prednisolone tàbí dexamethasone, oògùn steroid tó ń tẹ ìjà ara rì, mọ́ ọn: ara á yá, ojú á wú, àmì tí a ń wá á sì fara pamọ́. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má dédé dá a dúró, ó léwu.

Ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín sílẹ̀ ní oṣù dé oṣù, kí ẹ kó gbogbo èsì àtijọ́ mọ́ ọn, kí dókítà yín sì kọ ìwé sí dókítà oríkèé ara ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. UNIOSUN wà nínú Òṣogbo, OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, UCH wà ní Ìbàdàn; ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tó ń rí aláìsàn kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Bí ìtọ̀ bá ń hó bí ọṣẹ, bí ojú tàbí ẹsẹ̀ bá wú, bí àyà bá ń dùn yín tí ẹ bá mí, tàbí bí gìrì bá mú yín, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí wọ́n gbé yín lọ.