Sátẹ́láìtì wa lókè, jẹnẹrétọ̀ wa nílẹ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti kó owó díẹ̀ jọ, o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ VSAT (fífi díìṣì kékeré gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì) ní Ṣakí, pé níwọ̀n ìgbà tí Nàìjíríà ti ní sátẹ́láìtì tirẹ̀, ṣé kò yẹ kí ọjà náà ti rọrùn fún àwa ọmọ onílé. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo bi ara mi lọ́dún 2007, ọkọ̀ Golf mi ló sì bá a lọ.

Ọdún 2003 ni mo kọ́kọ́ gbé díìṣì gun òrùlé. Káfẹ́ kan ni, ní Bódìjà n'Íbàdàn, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì oníyára 128 kbps láàárín ara wọn. Àwọn ọmọ yunifásítì á wá sanwó alẹ́, wọn á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Sátẹ́láìtì òkèèrè là ń lò, dọ́là la sì fi ń san owó oṣù. Bí náírà bá já wálẹ̀ lónìí, èrè oṣù yẹn ti wọgbó.

Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí wọ́n gbé NigComSat-1 gòkè láti Xichang ní Ṣáínà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ ọ, àwọn náà ló gbé e gòkè, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n á ti máa darí rẹ̀. Mo ta ọkọ̀ mi, mo ra díìṣì mẹ́rin pẹ̀lú BUC wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́ sókè, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù, tiwa ń bọ̀. Mo tilẹ̀ ti ri òpó mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n 42.5 ní ìlà-oòrùn ni sátẹ́láìtì náà wà, nítorí náà bí o bá dúró ní apá ọ̀dọ̀ wa, díìṣì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, á wá gbójú sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 44. Títí dòní, ojú lásán ni mo fi ń kọ́kọ́ wá a kí n tó yọ mítà tó ń wọn àmì.

Oṣù Kọkànlá 2008, ó kú. Sólà tó fi ń gba iná ló dẹnu kọlẹ̀. Inṣọ́ránsì wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹn kọ́ òmíràn, NigComSat-1R, tó gòkè ní oṣù Kejìlá 2011 láìjẹ́ pé ìjọba tún san owó mìíràn. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ibi tó parí sí dára. Sátẹ́láìtì padà o, àbúrò, oníbàárà ni kò padà. Báńkì wo ló máa sọ fún ẹ̀rọ ATM rẹ̀ pé kó dúró ọdún mẹ́ta? Kí 1R tó dé, àwọn tó lówó lọ́wọ́ ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn ará òkèèrè. Lọ́dún 2010 ni wáyà íntánẹ́ẹ̀tì Glo-1 àti ti MainOne tó gba abẹ́ òkun wọ Èkó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye tí wọ́n ń ta íntánẹ́ẹ̀tì sì wálẹ̀. Káfẹ́ Bódìjà kú lójú mi. Díìṣì mẹ́rin mi? Méjì ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi, adìyẹ ń yé sínú ọ̀kan.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀gá báńkì tí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn 2011, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Tó bá tún kú ńkọ́?" Iléeṣẹ́ tó ní sátẹ́láìtì bí ogún lè sọ pé ẹ ó bọ́ sórí òmíràn. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò ní èsì. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò mọ iṣẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n olójú kan kì í bá ẹni tó ní méjì ṣeré òkúta jíjù.

Nígbà tí mo wá kó lọ sí Òkè-Ògùn ni mo tó rí jẹ: ibi ìfọ́kùúta, ilé epo, báńkì kéékèèké, níbi tí fáíbà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ ilẹ̀, kò dé. Mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà. Iná ni mò ń tà. Bí wọ́n bá pè mí lóru, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì rárá: jẹnẹrétọ̀ ti gbẹ, bátìrì ínfátà ti wú, eku ti jẹ wáyà. Ní Ìgbẹ́tì, ewúrẹ́ ló ń fara họ òpó mi lójoojúmọ́. Díìṣì Ku (ọ̀kan lára ìgbì rédíò tí sátẹ́láìtì ń lò) tó fẹ̀ tó mítà 1.8, bó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n kan péré, o ti pàdánù rẹ̀. Mo rin ìrìn àjò mẹ́ta kí n tó ká ewúrẹ́ náà mọ́bẹ̀.

Òjò ńkọ́? Bí ìkùukùu bá ti ṣú dùdù, Ku á máa kọsẹ̀. C-band, ìgbì tó gùn ju Ku lọ, fara da òjò jù ú lọ, àmọ́ díìṣì rẹ̀ tóbi, atẹ́gùn sì fẹ́ràn ohun tó bá tóbi.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ọ̀kan. Ní oṣù Kẹta ọdún kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníbàárà kan ń lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láràárọ̀, kí ó tó di agogo mẹ́wàá. Mo gun òkè, mo tú LNB, ẹ̀rọ tó ń gba àmì lórí díìṣì, mo fi tuntun sí i, ó dáa, mo gbowó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní hub, ibùdó tó ń so àwọn díìṣì wa mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ló sọ fún mi pé oòrùn ló ń bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì gan-an lásìkò yẹn, tí ariwo rẹ̀ ń bo àmì mọ́lẹ̀. Oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án ló máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Mo dá owó iṣẹ́ padà. Owó LNB, mi ò dá a padà.

Ní ti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì àwọn ará Amẹ́ríkà tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 2023, má bá a du ilé àwọn èèyàn. Tirẹ̀ wà ní nǹkan bí kìlómítà 550 sókè, tiwa ń lọ sí bí 36,000. Bí o bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí tiwa, ohùn á pẹ́ kó tó dé. Èmi fúnra mi ń lo Starlink nílé, kò tì mí lójú. Oníbàárà tó kù fún ọ ni ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ iye dátà tó máa rí gbà sínú ìwé, tó sì fẹ́ kí ẹnìkan gun alùpùpù wá bó bá dákú lọ́jọ́ Àìkú.

Má yá owó àjẹṣẹ́kù ra ohun tí wọ́n ń fi dọ́là tà. Kọ́kọ́ gba iṣẹ́ fífi díìṣì sílẹ̀ fún àwọn tó ti ní ìwé àṣẹ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kí sípánà kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Sì rántí pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní kí 1R lò, ìwọ náà ka ọdún láti 2011. Ìjọba ti ní sátẹ́láìtì tuntun méjì, 2A àti 2B, ń bọ̀. Èmi ò ní kọ orúkọ wọn sínú ìwé oníbàárà kankan títí wọn á fi gòkè.

Wákàtí mélòó ni iná ń wà ní Ṣakí báyìí? Ta ni oníbàárà tó o ti bá sọ̀rọ̀? Sọ ìyẹn fún mi ná, ká tó ṣírò owó díìṣì.