Ẹ Bi Wá Nípa Eyín: Èjí, Adípèlé àti Wáyà tó ń To Eyín

Ìwé tí ẹ kọ nípa eyín pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ọmọbìnrin mi pé ọdún 8. Àlàfo wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ lókè, àwọn méjì tó tẹ̀ lé e sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ọkọ mi ní èjí ni, ẹwà ni, kí n má fọwọ́ kàn án. Aládùúgbò wa ní kí n tètè lọ fi wáyà sí i. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? – Ìyá Tóbi, Ọbáńtòkó

Ẹ gbọ́ ti ìyá ọkọ yín ná, bí kò tilẹ̀ jẹ́ torí ẹwà. Láti nǹkan bí ọdún 7 sí 11, eyín iwájú òkè ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń yà bẹ́ẹ̀. Eyín ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ìkẹta láti àárín, ló fà á: inú egungun ló ṣì wà, ó ń ti gbòǹgbò èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí eyín náà wá ń yà síta. Tí eyín ṣóńṣó bá sọ̀ kalẹ̀ ní bí ọdún 11 sí 12, á fún àwọn yòókù pọ̀, àlàfo á sì pa dé.

Ẹ wọn àlàfo náà. Tí kò bá tó mìlímítà 2, ó sábà máa ń pa dé fúnra rẹ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rọra fa ètè òkè rẹ̀ sókè kí ẹ wo okùn ẹran tó so ètè mọ́ ìdí eyín. Tí ẹran tó wà láàárín eyín méjèèjì bá funfun bí ẹ ṣe ń fà á, okùn náà ti wọ àárín eyín, ó sì lè má jẹ́ kí ó pa dé. Nígbà mìíràn, eyín kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló fara pamọ́ sínú egungun. Ẹ́síréè nìkan ló ń tú u fó. Tó bá sì jẹ́ pé èjí ìdílé ni, tí ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èjí kì í ṣe àrùn.

Ohun tó yẹ kó gbé ọmọ ọdún 7 tàbí 8 dé ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá yàtọ̀: eyín iwájú kan ti hù, èkejì rẹ̀ kò hù lẹ́yìn oṣù 6, eyín òkè ń wọ inú ti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá pa ẹnu dé, àgbọ̀n rẹ̀ ń yà sí apá kan bó ṣe ń deyín, tàbí eyín òkè yọ ganngan débi pé ètè kò lè bò ó, nítorí irú eyín bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kán bí ọmọ bá ṣubú. Tó bá jẹ́ pé àgbọ̀n òkè ló há, wọ́n lè fi irin sí àjà ẹnu, tí òbí á máa fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí láti fẹ̀ ẹ́. Yíyí kan sábà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọdé torí pé egungun àjà ẹnu ṣì jẹ́ méjì tí kò tíì so pọ̀. Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún, ó ti le. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní gbogbo ọmọ ọdún 8 ló nílò wáyà, ọjà ló ń tà.

Kòkòrò jẹ eyín ẹ̀yìn ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, wọ́n sì ti yọ ọ́. Dókítà ní ká san owó irin tí yóò di àyè náà mú. Ṣebí eyín ọmọdé ni, òmíràn á hù? – Baba Sódíq, Lafẹ́nwá

Òmíràn á hù, àmọ́ ó di bí ọdún 10 sí 12. Kó tó dìgbà yẹn, eyín àgbà àkọ́kọ́, tó ń hù lẹ́yìn pátápátá ní bí ọdún 6, kò ní dúró jẹ́ẹ́. Á fì síwájú, á gba àyè onílé. Nígbà tí onílé bá dé, á hù gba ẹ̀gbẹ́ tàbí kó há sínú egungun. Ibẹ̀ ni adípèlé ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, owó tó sì máa tò ó lẹ́yìn náà ju owó irin yìí lọ fíìfíì.

Irin náà kò díjú. Òrùka ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì eyín lẹ̀ mọ́ eyín tó wà lẹ́yìn àlàfo, wáyà tó tẹ̀ bí ojóbó á sì nà láti ibẹ̀ dé eyín tó wà níwájú. Kò ti eyín kankan, àyè ló ń ṣọ́. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni sìmẹ́ǹtì tó ṣí: oúnjẹ á wọ abẹ́ òrùka, eyín tó yè á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù 6, oṣù 6. Tó bá ń mì, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Bí orí eyín tuntun bá ti ń yọjú, kí wọ́n tú u. Tó bá jẹ́ eyín iwájú ni wọ́n yọ, a kì bá ti ní kí ẹ náwó yìí.

Ọmọ ọdún 41 ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Eyín ìsàlẹ̀ mi gun ara wọn, ti òkè sì ń yọ síta sí i láti bí ọdún 3. Ṣé kò ti pẹ́ jù? Ọ̀rẹ́ mi lọ lẹ wáyà aláwọ̀ mọ́ eyín níbi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná, ó ní owó kékeré ni.

Kò pẹ́ jù. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń dá wáyà dúró, ìdí eyín ni. Gbólóhùn yín tó dá wa dúró ni "láti bí ọdún 3". Eyín àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sábà máa ń jẹ́ pé egungun tó dì í mú ń dínkù nítorí àrùn ẹran ìdí eyín. Dókítà á fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní àmì mìlímítà wọ àárín eyín àti ẹran: 1 sí 3 dára, 4 sókè, ihò ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ha ìdọ̀tí líle kúrò, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ẹni tó fi wáyà fa eyín tí ìdí rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ń fà á jáde ni.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ irú wáyà. Ti irin lásán ló lágbára jù, òun náà ló sì sábà ń dín owó kù. Èyí tó ní àwọ̀ eyín kò hàn, ṣùgbọ́n ó tètè ń fọ́, ọbẹ̀ elépo sì ń kun rọ́bà rẹ̀. Ike gaara tí à ń yọ tí à ń wọ̀ ń tì eyín ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu fún wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́, ẹ ó sì yọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun. Ẹni tó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́ ní ìsọ̀, kó má náwó sí i. Tó bá jẹ́ egungun àgbọ̀n ló gùn tàbí kúrú jù, wáyà nìkan kò tó fún àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ á wọ̀ ọ́.

Kò lè yá. Ìhà tí wáyà ń tì eyín sí, egungun á yọ́. Ìhà kejì, òmíràn á hù dípò rẹ̀. Eyín kan kì í rìn ju bíi mìlímítà 1 lọ lóṣù, bí wọ́n bá sì fipá tì í, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń kúrú. Ẹ fọkàn sí oṣù 18 sí 24, pẹ̀lú ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka eyín Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà fún ìdí eyín. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó, ní ẹ̀ka tó ń to eyín. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ẹ́síréè, wáyà, ìpàdé kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá já, àti ike ìkẹyìn tí kì í jẹ́ kí eyín padà. Ohun tó ń ba èèyàn lójijì ni èyí tí wọn kò kà.

Ti ọ̀rẹ́ yín: kò sẹ́ni tó wọn ẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wáyà náà ń fa eyín lọ, gọ́ọ̀mù èékánná kì í sì í ṣe ohun ẹnu. Kó lọ bá dókítà eyín bá a tú u. Kó má fi páláyà fà á nílé, ara eyín á bá a bọ́.

Ọmọ mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ onílé gbígbé wọ wáyà. Kí ló lè jẹ? Wáyà sì ń gún un lẹ́nu. – Aṣerò

Láfún, àmàlà, ẹ̀wà, ẹyin, ìrẹsì: gbogbo rẹ̀ ló lè jẹ. Ọ̀tá wáyà ni kókóró, gúgúrú, ìrèké, egungun ẹran, obì àti ṣingọ́ọ̀mù. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn kò ṣà dáadáa náà wà nínú wọn. Òkúta kan péré ti tó láti já irin kúrò lára eyín. Àgbàdo, kó fi ọwọ́ họ ọ́ kó tó jẹ ẹ́.

Ìrora ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí wọ́n bá fún wáyà kò burú. Èyí tó ń gún, kó nu ibẹ̀ gbẹ, kó fi ìda tí dókítà fún un bò ó, kó fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu. Tí irin kékeré bá já, kó pa á mọ́, kó pe dókítà. Bí ó bá ń fọyín, kó da búrọ́ọ̀ṣì sókè irin, lẹ́yìn náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó tó kan ojú eyín, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ọmọ tó bá fojú fo èyí, àmì funfun onígun mẹ́rin á kù lójú eyín rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú irin, àmì náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Wọ́n tú wáyà mi lọ́dún 3 sẹ́yìn. Ike tí wọ́n fún mi láti fi di eyín mú ti sọnù, eyín sì ti ń padà. – Pánṣẹ́kẹ́

Egungun tuntun kì í tètè gbó, okùn ẹran tó yí eyín ká sì ń rántí ilé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ike náà fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu tọ̀sán tòru fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà lálaalẹ́, fún ọdún púpọ̀. Bí eyín yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ike tuntun tàbí wáyà fún oṣù díẹ̀ lè dá a padà. Tí ẹ bá rí ti àtijọ́ níbòmíràn, tí kò sì wọlé mọ́, ẹ má fagbára tẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Tuntun náà, omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná ń ká a. Ẹ sì máa fi sínú ìgò rẹ̀ tí ẹ bá ń jẹun: inú tíṣù lórí tábìlì búkà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù.