Ààyè ni káàdì CXL ń fi kún sáfà, kì í ṣe eré

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá káàdì CXL (káàdì tó ń fi memory kún sáfà) lè gba sáfà dátàbéèsì tí RAM rẹ̀ ò tó mọ́: ó lè gbà á, àmọ́ ẹ má fojú RAM gidi wò ó. Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ojú ọ̀nà PCIe, èyí tí a ń ki káàdì sí nínú kọ̀ǹpútà, ni CXL ń gbà. Lórí PCIe 5.0 oní-lane 16, ó lè gbé bíi 64 GB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ channel DDR5-4800 kan (ojú ọ̀nà kan láàárín CPU àti RAM) ò kọjá 38.4 GB. Àwòrán eré yìí náà ni ẹni tó tà á fún wa ń fi dá wa lára yá. Ìdúró, ìyẹn àkókò tí CPU fi ń retí èsì, ni kò mẹ́nu bà. RAM ẹ̀gbẹ́ CPU ń dáhùn ní nǹkan bíi 100 nanosecond. Ti CXL sábà máa ń tó ìlọ́po méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tẹ numactl -H, àṣẹ Linux tó ń to àwọn node, ìyẹn ìsọ̀rí CPU àti RAM, sílẹ̀. Node tí wọ́n kọ "cpus:" sí, tí ibẹ̀ wá ṣófo, òun ni káàdì yín. Kernel, ọkàn Linux, á kọ́kọ́ kún RAM tòsí, èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń dà sórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ti tún sáfà tàn, dátà tí ẹnikẹ́ni kì í wò á ti sáré gba RAM. Index (atọ́ka tí dátàbéèsì fi ń wá nǹkan) tí gbogbo query, ìyẹn ìbéèrè, ń kàn lára á dé, á bá ilé tó ti kún, ló bá di ará orí káàdì. Ìpíndọ́gba àkókò ìdáhùn ò fi nǹkan kan hàn o. p99, àkókò tí ìdáhùn 99 nínú 100 kì í kọjá, ló fò sókè, àwọn oníbàárà sì ń pariwo.

Ohun tó gbà wá ni pé a fi --membind ti numactl so dátàbéèsì mọ́ àwọn node tó ní CPU, a wá kó cache (dátà tí a fi pamọ́ fún ìlò kíákíá) tí kò gbóná, ìyẹn tí a kì í sábà lò, sórí káàdì. Láti Linux 5.18, ẹ tún lè kọ 2 sínú ètò kernel tó ń jẹ́ numa_balancing, kí kernel máa dá ohun tó bá gbóná padà sínú RAM. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í tètè mọ̀ ọ́n.

Ti pooling (kí sáfà púpọ̀ jọ máa pín memory kan lò) tí wọ́n ń polówó, CXL 2.0 ló mú un wá ní 2020, ó sì sábà máa ń fẹ́ switch tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń so àwọn sáfà mọ́ memory náà. Sáfà kan ṣoṣo ò nílò rẹ̀.

Bí ihò DIMM (ibi tí a ń ki RAM sí) bá ṣì ṣófo nínú sáfà yẹn, ẹ kún un ná.