Ajá wa ti fẹ́ máa sáré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ṣé ká tú u sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù la wà. Bingo ajá wa, German Shepherd ni, akọ, oṣù 11. Láti kékeré ni ìbàdí ẹ̀ ò ti dáa, tó bá fẹ́ sáré ńṣe ló máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro. Dókítà ti pààrọ̀ oríkèé ìbàdí ọ̀tún fún un, ó pé ọjọ́ 16 lónìí. Ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ tá a bá tì í mọ́ kéèjì lálẹ́, á máa gbó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá àwọn ọmọ ní ara ẹ̀ ti yá, ká tú u sílẹ̀. Kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì, kí wọ́n má tíì tú u sílẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ tí ò dun ajá mọ́, ìyẹn ò ní ó ti san o. Ohun tí dókítà ṣe ni pé ó gé orí egungun itan tó ti bàjẹ́ dà nù, ó ki irin bọ inú egungun itan, ó fi bọ́ọ̀lù kékeré sórí irin yẹn, ó wá gbẹ́ ihò ìbàdí, ó fi ife tuntun síbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù á máa yí nínú ẹ̀. Ìrora àtijọ́ ti bá egungun tí wọ́n gé lọ, ìdí nìyẹn tí Bingo fi rò pé òun ti dá ṣáṣá. Àmọ́ iṣan tó yí ibẹ̀ ká ò tíì le, tó bá sì jẹ́ irú èyí tí wọn ò fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀, egungun Bingo fúnra ẹ̀ ló máa hù mọ́ irin yẹn kó tó dúró gbọin, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn sì ń gbà. Tó bá yọ̀ lórí táìsì báyìí, bọ́ọ̀lù lè fò yọ nínú ife, ó di tíátà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ajá Labrador tèmi, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹnì kan tẹ bẹ́ẹ̀lì, mi ò ti kéèjì dáadáa, ó fò jáde ó yọ̀ ní kọ́rídọ̀, kíṣìnì ni mo ti gbọ́ igbe ẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ ó ti gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, ó ń gbọ̀n, ojú ló ń wò mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ojú yẹn.

Torí náà, kéèjì ni, kó ṣáà fẹ̀ tó kó lè dìde kó sì yípo. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí máàtì onírọ́bà síbi gbogbo tó ń yọ̀. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ fò sórí sófà, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ìbejì pé eré ìjàkadì ti dúró ná. Tó bá fẹ́ lọ tọ̀, ṣéènì kúkúrú, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tó. Ẹ gba táwẹ̀lì gígùn abẹ́ ikùn ẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ di etí táwẹ̀lì méjèèjì mú lókè ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má gbé e sókè o, kó kàn wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ lè tètè mú un tó bá fẹ́ ṣubú. Akọ sì ni, kí táwẹ̀lì má lọ bo ibi tó fi ń tọ̀, torí tó bá tutù á máa ta awọ ara ẹ̀.

Ti gbígbó yẹn, mo mọ̀ pé adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn ara ò rọ adìẹ. Ajá ọ̀dọ́ ni, kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹ rọ oúnjẹ ẹ̀ sínú ìṣeré onírọ́bà tó ní ihò, ẹ gbé e sí fírísà mọ́jú, á pẹ́ kó tó lá a tán, àmọ́ inú oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́, torí kò sáré mọ́, tó bá sanra oríkèé tuntun yẹn ló máa gbé ẹrù ẹ̀. Tí kò bá jáwọ́, dókítà ní oògùn tó ń mú ara ajá balẹ̀, ẹ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ibuprofen inú ilé yín, ó ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ya ẹ́síréè ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ìyẹn ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ lè máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún ìrìn ẹ̀. Àmọ́ tó bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ sókè, tàbí ojú abẹ bá pọ́n, tó ń ṣomi, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ pè wọ́n.

Ní alẹ́ òní, ẹ gbé kéèjì yẹn wọ yàrá yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dídáwà ló ń gbó lé lórí, ẹ ní kí Bàbá Ìbejì na ọwọ́ sí i látorí bẹ́ẹ̀dì.